Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ìwé ilẹ̀, tó sì ń pín iṣẹ́ ibẹ̀ fún òṣìṣẹ́: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ralẹ̀ n'Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ̀

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìpínlẹ̀ Èkó yóò jẹ́rìí sí i pé owó nìkan kọ́ ló ń dààmú èèyàn níbẹ̀, ìwé tún wà níbẹ̀. Owó ilẹ̀, bí èèyàn bá ti kó o jọ, tó sì san án, ó parí nìyẹn. Ìwé ilẹ̀ kì í parí bọ̀rọ̀. Rìsíìtì tí olórí ẹbí fọwọ́ sí wà níbẹ̀, ìwé sọ́fè wà níbẹ̀, ìwé díìdì tí lọ́yà kọ wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù 1C tí wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ gómìnà wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí owó orí àti rìsíìtì àwọn owó tí wọ́n san sápò ìjọba náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ó ní nọ́ńbà, ó ní orúkọ, ó sì ní ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbì kan kó tó lè wúlò fún ẹni tó ni ín.

Iṣẹ́ gbígbé ìwé kiri àti rírántí ohun tó kàn yìí ni àwọn ọ́fíìsì káàkiri àgbáyé ti ń gbé lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Áàpù kan ń ka ìwé, òmíràn ń pín iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́, ẹ̀kẹta sì dúró láàrin wọn bí alárinà, tó ń gbọ́ lẹ́nu ti àkọ́kọ́, tó sì ń sọ fún èkejì. Bí wọ́n bá tò ó dáadáa, ìwé kan kò ní wọ ọ́fíìsì kó má di iṣẹ́ tí ẹnì kan ní láti ṣe. Bí wọn ò bá tò ó dáadáa, àṣìṣe kékeré kan tí ẹ̀rọ ṣe láàárọ̀ yóò ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn mẹ́ta kó tó di ọ̀sán, gbogbo wọn yóò sì gbà á gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Apá kejì yìí ló mú ká gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdókọ̀ ojú omi ńlá tó wà ní Lekki àti ilé iṣẹ́ ìrẹsì tó wà ní Ìmọ̀tà, lágbègbè Ìkòròdú. Nínú oṣù karùn-ún ọdún kan náà ló tún ṣí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lekki, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ àti ẹja gígẹ́ẹ̀ mọ̀ nígbà kan ti di èyí tí ẹni tó wà ní London àti Houston ń rà lórí fóònù, tí ìwé rẹ̀ sì ń gba orí WhatsApp kọjá kí olówó rẹ̀ tó fojú kan ibẹ̀.

Ìwé ilẹ̀ agbègbè méjèèjì yìí sì ní ìtàn tirẹ̀, tó ń mú kó ṣòro fún ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, Ìbàdàn sì ni wọ́n ti ń forúkọ ìwé ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí i nínú ìwé àtijọ́ pé wọ́n kọ ọ́ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ n'Ìbàdàn, "tó ti wà l'Ékòó báyìí". Lẹ́yìn náà ni Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 dé, èyí tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé jáde lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta ọdún náà. Abala 22 òfin ọ̀hún ní ẹni tó ní ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á tàbí kó fi yáwó láìgba àṣẹ gómìnà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí sì là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ báńkì Savannah àti Ajilo, pé àṣẹ yìí kan àwọn tí ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn kí òfin tó dé pàápàá. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn àti ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lánàá lè jọ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì sì jọ pọn dandan.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ́fíìsì lọ́yà kékeré kan ní Sábó, n'Ìkòròdú, ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́yà kan, akọ̀wé kan, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sáré lọ sí Aláùsá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Oníbàárà wọn tó wà lókè òkun ra ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, àbúrò rẹ̀ sì fi fóònù ya ìwé sọ́fè ránṣẹ́. Níbi tí kò bá ti sí ètò tuntun yìí, akọ̀wé ni yóò tẹ ìwé náà jáde, tí yóò da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá, tí yóò fi sínú fáìlì, tí yóò sì máa retí kí ọ̀gá rántí. Bí ọ̀gá bá gbàgbé, ó di ọjọ́ tí oníbàárà bá fìbínú pe fóònù.

Níbi tí ètò náà bá wà, àwòrán ìwé yóò wọ inú àpótí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tàbí fóldà Google Drive. Bó ti wọlé ni áàpù akàwé yóò gbé e. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń kọ́kọ́ sọ àwòrán lẹ́tà di lẹ́tà gidi, nítorí pé lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán ìwé kò yàtọ̀ sí àwòrán ewúrẹ́, àmì dúdú àti funfun lásán ni. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣa ohun tí wọ́n ní kó ṣà jáde: orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀, abúlé àti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà ìwé sọ́fè, ọjọ́ tí sọ̀fẹ́yọ̀ fọwọ́ sí i, àti nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà. Nanonets, Docparser àti Parseur wà lára àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Alárinà ló kàn. Zapier, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Power Automate ti ilé iṣẹ́ Microsoft wà, Make náà wà, bẹ́ẹ̀ ni n8n. Òfin kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe ìyẹn. Bí ìwé sọ́fè tuntun bá ti di kíkà, la káàdì tuntun sínú áàpù tó ń pín iṣẹ́, bíi Trello tàbí Asana. Kọ orúkọ oníbàárà sí orí káàdì náà, kọ "gbé e lọ sí Aláùsá fún àyẹ̀wò" sí abẹ́ rẹ̀, lẹ àwòrán ìwé mọ́ ọn, kọ orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré kiri sí i, kí o sì fún un ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Fóònù ọmọkùnrin náà yóò dún. Bó bá dé Aláùsá, tí ọ́fíìsì àgbà awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ gba ìwé láti wo orí máàpù bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé, yóò ya rìsíìtì owó tó san, yóò sì fi í sórí káàdì. Áàpù akàwé yóò ka rìsíìtì yẹn náà, yóò kọ iye owó àti ọjọ́ rẹ̀ síbi tó yẹ. Bí èsì àyẹ̀wò bá jáde, tó sì dára, káàdì mìíràn yóò là fún lọ́yà pé ó tó àkókò láti kọ fọ́ọ̀mù 1C.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó da ọ̀rọ̀ kan kọ lẹ́ẹ̀mejì nínú gbogbo èyí. Èrè rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe èrè kékeré fún ọ́fíìsì elénìyàn mẹ́ta.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ ní ìwé kíkà. Lọ́dún 1976 ni Ray Kurzweil, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè fún àwọn afọ́jú han aráyé. Ilé iṣẹ́ HP ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Tesseract láàrin ọdún 1985 sí 1994, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 2005, Google sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètìlẹ́yìn fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀dà kẹrin rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2018, ní Yorùbá nínú àwọn èdè tó lè kà.

Ṣùgbọ́n orúkọ ṣì jẹ́ wàhálà. Ìwé ilẹ̀ wa kì í ní àmì ohùn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kò lè fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, àwọn akọ̀wé kò sì wá a. Ẹ̀pẹ́ di "Epe", Ìkòròdú di "Ikorodu". Ìyẹn kò tíì burú. Èyí tó burú ni pé ìdọ̀tí kékeré tó wà lábẹ́ "o" lórí fọ́tòkọ́pì lè di àmì lójú ẹ̀rọ, kí orúkọ kan sì di òmíràn. Ó tún wá ku ti àwa fúnra wa, tá a máa ń kọ orúkọ kan ní ọ̀nà méjì: Sonibare lórí rìsíìtì, Shonibare lórí díìdì. Mo bá ìbátan mi kan jókòó sí ọ́fíìsì kan rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń sọ fún un pé fáìlì rẹ̀ ti sọnù. Abẹ́ "Sh" ni wọ́n ti padà rí i, nígbà tí àwa ń béèrè "S". Akọ̀wé tó gbọ́n yóò ronú sí méjèèjì bó bá yá. Alárinà orí kọ̀ǹpútà kò ní ronú sí i láéláé bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ́ ọ. Ńṣe ni yóò la fáìlì méjì fún èèyàn kan, tí iṣẹ́ yóò sì pín sí méjì. Ohun tó tọ́ ni pé kí wọ́n máa fi nọ́ńbà so ìwé pọ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìwé sọ́fè tàbí nọ́ńbà fáìlì ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, kì í ṣe orúkọ.

Nọ́ńbà náà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ojú fífò wò. Lórí ìwé sọ́fè òde òní, nọ́ńbà méjì ló ń sọ ibi tí igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, mítà ni wọ́n sì fi ń kà á. Ní àárín ìlú Ìkòròdú, èyí tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe jìn sí àríwá tó máa ń wà ní nǹkan bíi 731,000. Ká ní fọ́tòkọ́pì ti ṣá, tí ẹ̀rọ wá ka 3 yẹn sí 2. Ilẹ̀ náà ti sún kìlómítà mẹ́wàá sí gúúsù nìyẹn, ó ti bọ́ sínú ọ̀sà. Ìyẹn sàn díẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá wo máàpù yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tún un ṣe. Èyí tó ń pa ni ni nọ́ńbà tó wà nípò ọgọ́rùn-ún, tó lè gbé ilẹ̀ sún ní irinwó mítà péré, kúrò lórí ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé bọ́ sórí èyí tó mọ́, kí káàdì sì là fún lọ́yà pé kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀nà wà tí wọ́n lè gbà kọ́ ẹ̀rọ láti fura síra rẹ̀. Bí ó bá ti ka igun gbogbo, ó lè fi wọ́n ṣírò bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kó sì fi wé iye tí sọ̀fẹ́yọ̀ kọ sórí ìwé. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, igun kan ti ṣì. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo igun ló ṣì bákan náà, ìṣirò yẹn kò ní gbé e jáde, àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ sórí ìwé lè gbé e jáde, bí ibi tí nọ́ńbà wí kò bá sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìwé díìdì tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ náà ní tirẹ̀: nọ́ńbà ìwé, ojú ewé àti ìdìpọ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí i, ní ọ̀pọ̀ ìgbà l'Ékòó ni nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé sì máa ń jẹ́ iye kan náà. Bí ẹ̀rọ bá wá mú 48 àti 43 jáde, kó dúró kó pe èèyàn.

Ìwọ̀n àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Ìwé sọ́fè tó ti pẹ́ lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe mítà. Pulọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́fà fẹ̀ tó mítà 669 níbùú-lóòró, ṣùgbọ́n 648 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ilẹ̀ ń kọ, nítorí pé mítà 18 sí 36 ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ tí wọn kò sọ èyí fún yóò máa pariwo àṣìṣe níbi tí àṣìṣe kò sí, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọtí ikún sí ariwo rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò sí lórí ìwé rárá. Òfin ilẹ̀ ẹbí wa ní bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí tó yẹ kó mọ̀ sí i, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì dà á nù. Áàpù yóò ka orúkọ márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì, yóò sì kọ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Kò lè mọ̀ pé ojúlé kan nínú mẹ́rin kò ní aṣojú níbẹ̀. Ní ìlú bí Ẹ̀pẹ́, tí àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ tó bá Kòsọ́kọ́ dé lẹ́yìn ogun ọdún 1851 náà wà, ẹni tó mọ ìtàn ìdílé nìkan ló lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Káàdì tí alárinà gbọ́dọ̀ là fún ìwé rìsíìtì ẹbí, nígbà náà, ni káàdì tó sọ pé kí ẹnì kan lọ sí ilé ẹbí, kó jókòó, kó béèrè. Káàdì tó kàn kò sì gbọdọ̀ là títí ẹni náà yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó gbọ́ síbẹ̀.

Alárinà fúnra rẹ̀ lè ṣàìsàn láìké. Wọ́n lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì padà, kí ó má lè wọlé mọ́. Iye iṣẹ́ tí wọ́n fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù lè tán lọ́jọ́ kejìlélógún, kí ìwé tó wọlé lẹ́yìn náà má di káàdì kankan. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ. Ní ìdàkejì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè fi ìwé kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí WhatsApp, kí ó di káàdì mẹ́ta. Àyẹ̀wò tó rọrùn jù ni kí akọ̀wé ka iye ìwé tó wọlé lánàá àti iye káàdì tó là láràárọ̀. Bí wọn kò bá bára mu, kó wá ìdí rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. WhatsApp tún máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́, nọ́ńbà kéékèèké a sì dà rú, nítorí náà ó sàn kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bí fọ́tò.

Dọ́là ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù yìí ń gbà, ẹni tó bá sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti oṣù kẹfà ọdún 2023 yóò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Tesseract kò gba owó, wọ́n sì lè gbé n8n sórí kọ̀ǹpútà ara wọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tò. Èyí tún ní àǹfààní pé ìwé oníbàárà kò ní kúrò nínú ọ́fíìsì. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fọwọ́ sí òfin ààbò ìsọfúnni ẹni, lọ́yà tàbí sọ̀fẹ́yọ̀ tó bá kó orúkọ, àdírẹ́sì àti ìwé owó orí oníbàárà lọ sórí kọ̀ǹpútà tó wà lókè òkun ní ohun tí yóò dáhùn fún.

Àwọn ìjọba náà kò jókòó. Nígbà tí Nasir el-Rufai jẹ́ mínísítà Àbújá, láàrin ọdún 2003 sí 2007, ni wọ́n kó ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní AGIS. Ìpínlẹ̀ Ògùn tó bá Ìkòròdú pààlà ní èyí tí wọ́n ń pè ní OLARMS, lábẹ́ ìjọba Dàpọ̀ Abíọ́dún. Èkó ní òfin ìforúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ti ọdún 2015. Àwọn tó rí iná tó jó ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣeré lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, lásìkò rògbòdìyàn EndSARS, mọ ìdí tí ẹ̀dà kejì fi yẹ kó wà níbòmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ ralẹ̀ lè béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ lọ́yà rẹ̀ láìtijú: ta ló fi ojú ara rẹ̀ wo nọ́ńbà igun ilẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ kà á, ta ló lọ sílé ẹbí, ibo sì ni ojúlówó ìwé wà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ní òfin nídìí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ gíga n'Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ní ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó sọ bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń bójú tó o. Ìwé tí ìjọba ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì rèé, ẹ̀dà tí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Aláùsá fọwọ́ sí, tó sì lu ní òǹtẹ̀, ni wọn yóò béèrè. Wọ́n ń san owó fún un, wọ́n ń kọ̀wé béèrè rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi nọ́ńbà, ojú ewé àti ìdìpọ̀ wá a jáde.